Mọ́tò Ta Ni Tísà Máa Wọ̀ Délé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: owú ni. Àwọn kan á ní àwọn kì í jowú, pé inú ló kàn ń bí àwọn. Irọ́ funfun báláú. Èmi ń jowú àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, ẹni tí mo pọ̀n, tí mo nu imú fún, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Bí mo bá ti gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ ní ìkóríta wa lọ́jọ́ Sátidé, ìyẹ̀fun tí mò ń pò á di ohun tí mò ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mi mọ̀. Wọ́n ní búrẹ́dì ọjọ́ Sátidé máa ń wú ju ti ọjọ́ yòókù lọ.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù àti ààrò wà nísàlẹ̀, ilé tí à ń gbé wà lókè, bàbá wa sì ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Tísà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣe tísà ilé ìwé o. Ọkọ̀ wíwà ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ èèyàn. Mọ́tò tó fi ń kọ́ wọn ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún. Kí ẹni náà tó rọ́ lu ògiri, Tísà á ti tẹ tirẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, mọ́tò yẹn ti di ti ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni yòówù kó wà á, ì báà ṣe awakọ̀ tákísì tó ti hewú sídìí iṣẹ́, ẹsẹ̀ yẹn á máa tẹ ilẹ̀ mọ́tò kíkankíkan níbi tí bíréèkì kan ò sí. Bó bá sọ̀kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra orúnkún.

Òun ló kọ́ àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì, òun náà ló sì kó àrùn mọ́tò ràn wá. Nígbà tí ọwọ́ mi ròkè díẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra ilẹ̀, èmi ra mọ́tò asáré. Ìjókòó méjì péré, ó dúdú, ó ń dán, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé kéèyàn tó wọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ohun tí oníbúrẹ́dì nílò lọ. Mo mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ kì í ṣe eré tó ń sá, bó ṣe ń sá eré náà ni. Kì í fò, kì í ta, jíà rẹ̀ ń yí ara rẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Mo lè gbé kéèkì alájà mẹ́ta ka orí ìjókòó kejì, kí n fi eré gbé e dé òdìkejì ìlú, kí òdòdó ṣúgà orí rẹ̀ má yẹ̀ ní ipò. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò mi. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú, aṣọ àga mọ́tò ló sì ń rán jẹun, nítorí náà orúkọ yẹn bá a mu níbi gbogbo. Tirẹ̀ jẹ́ mọ́tò pupa kan tó ti darúgbó, òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ṣeé ká, jíà rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Òun fúnra rẹ̀ ló rán àwọ tó wà lórí àga rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó ń jò. Bí òtútù bá mú, á wúkọ́ kó tó ṣáná. Abẹ́rẹ́ ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, pé mọ́tò tí kò bá lè báni jiyàn kì í ṣe mọ́tò. Ó fẹ́ kí atẹ́gùn máa gbá òun létí, kí jíà máa ta òun lọ́wọ́. Ká sọ tòótọ́, kò yá tó tèmi. Bí mo bá pinnu rẹ̀, eruku mi ni yóò máa fà símú.

Síbẹ̀, òun ni Tísà ń bá rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń se oúnjẹ rẹ̀, èmi ni mò ń gba oògùn rẹ̀, èmi ni mo mọ ẹ̀gbẹ́ tó fi ń sùn. Sátidé Sátidé ni Abẹ́rẹ́ ń wá gbé e jáde, bí wọ́n bá sì dé, ojú bàbá á là kedere bí ojú ọmọ tó lọ wo eré. Á ní ọmọ yẹn ò gbọ́n, pé jíà kẹta ló yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, pé ó yí kọ́nà bíi pé ẹnì kan ń lé e. Orí oúnjẹ la ó ti máa gbọ́ ọ títí tí a ó fi palẹ̀ àwo mọ́. Ìgbà tó bá wá kan tèmi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ká tó dé ìkóríta, ó ti sùn lọ. Ẹnu á là, á máa hanrun, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìjókòó. Mo ra mọ́tò tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń dúró wò lójú pópó, bàbá mi sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbà mí.

Ìtumọ̀ tí mo fún un ni pé Abẹ́rẹ́ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń ká a lára. Èmi ti di awakọ̀ tó kàn ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀.

Àwa tí a ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nílùú wa kò pọ̀. A máa ń pàdé ní Sátidé tó bá parí oṣù, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan tí wọn ò lò mọ́, níbi tí koríko ti ń yọrí láàárín ọ̀dà. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Lọ́yà kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé eré nìkan ló mọ̀. Iye tí mọ́tò rẹ̀ lè sá ló ń sọ fún èèyàn kó tó kí i. Onígbàjámọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ojú tí wọ́n fi ń wo tirẹ̀ ló ń jẹ, ó ń fọ̀ ọ́ ju bó ṣe ń wà á lọ, bí eṣinṣin bá bà lé e, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ọlọ́pàá. A lè jiyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ò ní gbà fún ẹnì kan.

Nítorí àìgbà yẹn la fi ṣe òfin kan. Lóṣooṣù, a ó pe àgbàlagbà kan tí kò ní irú mọ́tò wa. Á wọ mọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá parí, á wá sọ mọ́tò ẹni tóun máa wọ̀ délé. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sí ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n odidi oṣù kan ni ẹni tí wọ́n bá yàn á fi máa yan fanda lójú àwọn tó kù. Lóṣù tó kọjá, Tísà ni wọ́n pè, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló kọ́ gbogbo wọn lọ́kọ̀.

Mo fẹ́ kó yan tèmi. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Mo fẹ́ kó dúró lójú gbogbo wọn, lójú Abẹ́rẹ́ pàápàá, kó sọ pé mọ́tò ọmọ òun àgbà lòun máa wọ̀. Mo sì mọ̀ pé bó bá fi lè sùn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, lójú àwọn èèyàn, mo gbé. Ta ló máa yan mọ́tò tó gbé e sùn?

Àbúrò mi ló gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí mo ní búrẹ́dì tí mo fẹ́ kó jáde nínú ààrò. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Tísà sọ nǹkan kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, Abẹ́rẹ́ kò sì fèsì, ó kàn ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Mo bọ́ ẹ́púrọ́ọ̀nù, mo gbá kọ́kọ́rọ́ mú, mo sì sọ fún ara mi pé lónìí yìí, bàbá yìí ò ní sùn.

Nígbà tí mo dé pápá, lọ́yà ti gbé e yí ká. Mo rí ẹsẹ̀ Tísà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló kàn. Ìyẹn rọra wà á bí ẹni tó ń ti àkéte aláìsàn, Tísà sì bi í léèrè bóyá táyà ni kò fẹ́ kó dọ̀tí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan Abẹ́rẹ́, ó ká òrùlé kúrò, ó ta jíà, mọ́tò gbó, wọ́n lọ. Atẹ́gùn ṣí fìlà bàbá, fìlà bọ́ sínú koríko, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi sọ̀kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Lọ́yà rọra sọ ọ́ sí mi létí pé ó jọ pé wọ́n ti yàn ná.

Tísà wọ mọ́tò mi, ó na ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Mo rí i tó ti ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Mo ní kó di bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa, ó ní ó ti dì. Mo bá tẹ iná mọ́ ọn.

Mi ò mọ̀ pé mọ́tò mi lè kígbe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wa lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Ojú Tísà là. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i, inú mi sì dùn, kí Ọlọ́run foríjì mí, mo ní ó ti jí, ó ti jí. Mo gbá kọ́nà àkọ́kọ́ mú bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣe é, táyà ké, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá fò jáde lábẹ́ ìjókòó, ó tẹ ilẹ̀. Ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́! Ẹsẹ̀ yẹn tí mo ti ń wò nínú mọ́tò ẹlòmíì láti ọjọ́ yìí, èmi náà ti rí i nínú tèmi. Mo tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Kọ́nà kejì ò gbà fún mi. Ìdí mọ́tò yọ̀, mo yí i sápá ọ̀tún, ó yọ̀ sápá òsì, ọ̀dà tán lábẹ́ wa, a bọ́ sínú koríko, a pòòyì bí òkòtó, nígbà tí a máa dúró, ibi tí a ti ń bọ̀ la kọjú sí. Ohun gbogbo dákẹ́. Eruku ń rọ̀ sórí gíláàsì. Ọwọ́ òsì Tísà nà gbọọrọ síwájú àyà mi bó ṣe máa ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ forí gbá nǹkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbandi lórí ilẹ̀ mọ́tò, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù fún un.

Ó bi mí bóyá mo fara pa. Mo ní rárá. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò láyà mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò kúrò. Ó fọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú pé kó dẹ́kun gbígbọ̀n, orúnkún ò gbọ́.

Wọ́n sáré wá. Wọ́n mú bàbá sọ̀kalẹ̀, wọ́n fún un lómi, wọ́n gbé àga fún un. Abẹ́rẹ́ fà mí lápá lọ sẹ́yìn mọ́tò. Mo rò pé á pariwo lé mi lórí, mo sì ti ń wá èyí tí màá fi dá a lóhùn. Kò pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe yẹn?”

“O ti gbà á lọ́wọ́ mi tán,” ni mo wí. “Kí lo tún ń bi mí sí?”

Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. “Mo gbà á kẹ̀? Láàárọ̀ yìí ló bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé mọ́tò tiyín lòun máa wọ̀ délé. Ó ní òun fẹ́ sùn.” Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya. “Ẹ̀rín tó máa ń rín lọ́dọ̀ mi yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á. Láti kékeré mi ló ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹ̀rù bá ń bà á, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Kò dijú rí nínú mọ́tò mi. Kò dijú rí nígbà tí màmá wa ń wakọ̀ gbé e. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń wakọ̀ gbé e tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sinmi. Mo máa ń délé sunkún nítorí rẹ̀. Owú yín tí mò ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.”

Mo fara ti mọ́tò, ó ṣì gbóná lẹ́yìn mi. Gbogbo Sọ́ńdè tí mo fi ń bínú sí ìhanrun rẹ̀ tò sójú mi, mo sì rí i pé ohun tí àbúrò mi ń wá kiri ni mo ti ń pè ní ìyà.

Nígbà tó yá, lọ́yà pe gbogbo wa jọ pé kí àlejò sọ èyí tó yàn. Ojú ń ti àwọn míì láti wò mí. Tísà dìde, ó gbára lé èjìká Abẹ́rẹ́, ó ní mọ́tò ọmọ òun àgbà lòun máa wọ̀ délé. Ó sọ ọ́ kedere, bí mo ṣe fẹ́ kó sọ ọ́ gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Onígbàjámọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúró níbẹ̀ bí olè tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá, ó dùn mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

Mo wakọ̀ délé lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe wakọ̀ rí. Kéèkì wo ni mo gbé rí tí mo rọra gbé bẹ́ẹ̀? Mo yẹra fún gbogbo kòtò. Kí n tó dúró, mo ti dẹwọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Tísà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, ó gbìyànjú, mo rí i pé ó gbìyànjú. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

“Bàámi, ẹ lè sùn o,” ni mo wí.

“Mò ń bá ọ wo ọ̀nà ni, ọmọ mi.”

Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ló ń bá mi wo ọ̀nà. Bí a bá délé, á fọwọ́ ra orúnkún, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á gba òkè lọ.

Sátidé tó kọjá, mò ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́, mi ò gbọ́ ìró kankan ní ìkóríta. Òjijì ni mo rí Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń yọ́ rìn, ó fi ìka lé ètè, ó ń juwọ́ sí mi pé kí n wá. Mo jáde. Ó ti na òrùlé aṣọ bo mọ́tò rẹ̀, ó ti rọra wà á láti ibi tí wọ́n lọ, jíà kan ò ta, ẹ́ńjìnnì ò gbó. Tísà wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àwọ tí àbúrò mi fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ẹnu rẹ̀ là, ó ń hanrun.

Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ mi mú, ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ òun náà lọ́wọ́. Omi kún ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ sí mi létí pé láti orí afárá ló ti sùn lọ.

Mo ní mo bá a yọ̀. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, mo padà sídìí ìyẹ̀fun mi. Owú tí mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.